Ẹ̀rọ Arìn-má-dé

Ọjọ́ tí ẹ̀rọ náà dé, ọkùnrin méjì tó taagun ló gbé e, síbẹ̀ díẹ̀ ló kù kí wọ́n yọ ilẹ̀kùn pálọ̀ kúrò kó tó ráyè wọlé. Ó gùn, ó ga, ó sì wúwo bí ẹni pé wọ́n rọ òkúta sínú ẹ̀. Ó ní àtẹ̀sẹ̀ méjì nísàlẹ̀, ó ní ọ̀pá méjì lókè. Tí èèyàn bá ti ọ̀pá kan síwájú, èkejì á padà sẹ́yìn, ẹsẹ̀ méjèèjì á sì máa yí lọ yí bọ̀ lábẹ́ bí ẹni tó ń rìn nínú omi. Ọmọ bàbá náà obìnrin, tó jẹ́ tíṣà, ló rà á nílé eré ìdárayá kan tó ń kógbá sílé.

"Bàbá mi, ẹlípítíkà ni wọ́n ń pè é."

"Ẹlípí kí ni?"

"Ẹlípítíkà. Ẹ máa gun orí ẹ̀, ẹ máa rìn."

"Kí n máa rìn lọ síbo?"

"Ẹ ò lọ síbì kankan, Bàbá mi. Ẹ ṣáà máa rìn."

Bàbá wo ẹ̀rọ, ó wo ọmọ. "Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi rìn láyé mi, kò sọ́jọ́ kan tí mi ò débi tí mò ń lọ. Ó wá ku ọjọ́ alẹ́ mi, o lọ ra èyí tó ń rìn tí kì í dé wá bá mi." Láti ọjọ́ náà ló ti sọ ọ́ ní Arìn-má-dé, orúkọ náà sì mọ́ ọn lára.

Iṣẹ́ rélùwéè ni bàbá yìí ṣe. Kì í ṣe awakọ̀, kì í ṣe ẹni tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì. Ẹsẹ̀ lòun fi ń ṣe tiẹ̀. Láràárọ̀, á kúrò ní ìdíkọ̀, á máa rìn lójú irin, á máa wo bóòtù tó ti ń tú, pákó ìdábùú tó ti ń jẹrà, òkúta tí òjò ti wọ́ kúrò nídìí irin. Tó bá fi òòlù kan bóòtù tó le dáadáa, á dún gooro. Èyí tó bá ti tú á dún bí ẹni tó wúkọ́. Kìlómítà mẹ́sàn-án ni ìpín tiẹ̀. Ó parí síbi ilé bíríkì kékeré kan tó dá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú irin, níbi tí mọ́tò kankan ò lè dé. Á sinmi níbẹ̀, á padà. Kì í sáré, kì í sì í pẹ́. Ìdí nìyẹn táwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ fi sọ ọ́ ní Kò-Kánjú.

Láti apá kejì, ẹlòmíràn náà á máa rìn bọ̀. Ọdún mọ́kànlá tó gbẹ̀yìn iṣẹ́ Kò-Kánjú, obìnrin kan lẹni náà. Ìyá Olóòlù ni wọ́n ń pè é, nítorí òòlù rẹ̀ kì í kúrò léjìká rẹ̀, àti nítorí pé ẹni tó bá fọ̀rọ̀ gún un nímú, ọ̀rọ̀ tó máa fi dá a lóhùn á wúwo ju òòlù lọ. Ọkọ rẹ̀ ti kú tipẹ́. Kò-Kánjú náà ti sin ìyàwó tiẹ̀ láti ìgbà tí ọmọ wọn wà ní kíláàsì kẹta. Òfin iṣẹ́ ni pé kí àwọn méjèèjì pàdé nílé bíríkì, kí wọ́n buwọ́ lu ìwé ara wọn, kó lè hàn pé oníkálukú rìn dé òpin ìpín rẹ̀. Ogún ìṣẹ́jú ni wọ́n fún wọn.

Ogún ìṣẹ́jú yẹn ni Kò-Kánjú ń torí ẹ̀ jí láàárọ̀. Láti ibi tí ojú irin ti ṣẹ́ kọ́nà kẹ́yìn lójú rẹ̀ ti máa ń wà lọ́nà. Á kọ́kọ́ rí àwọ̀ ọsàn tíńtín lókèèrè, ìyẹn ẹ̀wù àwọ̀lékè tí wọ́n ń wọ̀ kí awakọ̀ lè rí wọn. Lẹ́yìn náà á rí akoto, á rí òòlù léjìká, á wá gbọ́ ohùn: "Ẹ ti pẹ́ lónìí o!" Bẹ́ẹ̀ kò pẹ́. Obìnrin náà á bu tíì látinú fúláàsì, ṣúgà inú ẹ̀ á pọ̀ débi pé síbí lè dá dúró. Á já búrẹ́dì sí méjì, èyí tó tóbi nínú ẹ̀ á bọ́ sọ́wọ́ Kò-Kánjú, á sì máa búra pé èyí tó kéré lòun fún un. Wọ́n á jiyàn nípa bóòtù, nípa òjò, nípa ọ̀gá wọn tí kò mọ ojú irin yàtọ̀ sí ojú ọ̀nà. Wọ́n á rẹ́rìn-ín. Wọ́n á dìde. Kálukú á kọ ẹ̀yìn sí èkejì, wọ́n á máa lọ.

Ọ̀rọ̀ kan wà lọ́nà ọ̀fun Kò-Kánjú láti bí ọdún kẹrin tí wọ́n ti ń pàdé. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá mu tíì, tí wọ́n jẹ búrẹ́dì, tí wọ́n buwọ́ lùwé tán, ó ku ìṣẹ́jú mẹ́ta. Ta ló ń fi ìṣẹ́jú mẹ́ta sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀? Ọ̀la ṣáà wà níbẹ̀. Wọn ò tiẹ̀ gba nọ́ńbà fóònù ara wọn. Kí ni wọ́n fẹ́ fi nọ́ńbà ṣe, nígbà tí wọ́n ń ríra lójoojúmọ́?

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan ni orúnkún rẹ̀ ọ̀tún kọ̀ fún un ní kìlómítà kẹrin. Ó gbé ẹsẹ̀, ẹsẹ̀ ò gbé e. Tọ́rọ́lì, ọkọ̀ kékeré tí àwọn òṣìṣẹ́ fi ń rìn lójú irin, ló wá gbé e padà. Ní ọsibítù, wọ́n ya fọ́tò eegun, wọ́n ní tìmùtìmù tó wà láàrin eegun orúnkún ti jẹ tán, eegun ń gún eegun. Iṣẹ́ tán nìyẹn. Wọn ò gba ẹlòmíràn sípò rẹ̀. Tọ́rọ́lì ni wọ́n fi ń yẹ ìpín rẹ̀ wò láti ìgbà náà. Fọ́maánù tó jẹ́ ọ̀gá wọn sọ fún un pé Ìyá Olóòlù jókòó nílé bíríkì lọ́jọ́ yẹn kọjá ogún ìṣẹ́jú, kọjá wákàtí kan, títí wọ́n fi pè é lórí rédíò pé kó máa bọ̀. Fọ́maánù bá wọn gbé ìkíni lọ, ó gbé ìkíni bọ̀: "Ó ní kí n kí yín." "Ẹ bá mi kí i." Nígbà tó yá, wọ́n gbé fọ́maánù lọ sí ọ́fíìsì, ìkíni náà sì dín kù, ó dín kù, ó dáwọ́ dúró.

Fún ọdún méjì, ìdí fèrèsé ni Kò-Kánjú wà. Ikùn yọ. Tó bá rìn láti pálọ̀ dé ilé ìdáná, á máa mí hẹlẹ bí ẹni tó gun òkè. Òun ló mú kí ọmọ rẹ̀ lọ ra Arìn-má-dé, dókítà eegun ló sì gbà á nímọ̀ràn.

Dókítà eegun yìí, ọ̀dọ́kùnrin kan ni, ó máa ń fi ọwọ́ sọ̀rọ̀ ju ẹnu lọ. Ó wá sílé, ó gun ẹ̀rọ náà fúnra rẹ̀, ó fi han bàbá.

"Bàbá, ẹ wo bó ṣe ń lọ. Tẹ́ ẹ bá ń rìn nílẹ̀, gbogbo ìgbà tí ẹsẹ̀ bá balẹ̀ ni ara yín ń já lu orúnkún. Èyí ò rí bẹ́ẹ̀. Ẹsẹ̀ ò ní kúrò lórí àtẹ̀sẹ̀, kò sí gbì, kò sí gbà. Èémí yín á gùn, ọkàn yín á le, itan yín á le. Ọwọ́ náà ò ní ráyè ṣọ̀lẹ, ẹ ṣáà ń ti ọ̀pá. Tẹ́ ẹ bá wá yí i sẹ́yìn báyìí, iṣan ẹ̀yìn itan tó ti sùn láti ọdún méjì yìí á jí. Ẹ nàró o! Ẹ má fara ti ọ̀pá bí ẹni tó ń yọjú lójú fèrèsé, ẹ̀yìn ló máa dùn yín."

Gbogbo ohun tó sọ dára létí. Ṣùgbọ́n nígbà tí Kò-Kánjú gùn ún, ìṣẹ́jú mẹ́ta péré ni òógùn fi bò ó. Ìgbésẹ̀ ẹ̀rọ náà gùn jù fún un. Pákó ìdábùú ojú irin ti kọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ ní ìgbésẹ̀ kúkúrú, ọ̀kan sí ọ̀kan, fún ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Ẹ̀rọ yìí ní ìwọ̀n tiẹ̀, kò sì bi èèyàn léèrè tiẹ̀. Àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ kú tipiri nítorí pé kò gbé e sókè rárá. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó jókòó. Kò pẹ́ tí síńgílẹ́ẹ̀tì, táwẹ́ẹ̀lì àti ṣòkòtò fi gba orí ọ̀pá ẹ̀rọ náà kan.

"Bàbá mi, ṣé okùn ìsáṣọ ni mo rà fún yín ni?"

"Ó ń ṣiṣẹ́ ẹ̀ dáadáa. Aṣọ ń gbẹ."

Bọ́rọ̀ ṣe wà nìyẹn títí tí fọ́maánù fi yà kí i lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Wọ́n sọ̀rọ̀ orúnkún, wọ́n sọ̀rọ̀ oúnjẹ tó gbówó lórí, wọ́n sọ̀rọ̀ àwọn tó ti kú. Nígbà tí fọ́maánù ti dìde tó ń wá bàtà rẹ̀ ló ní:

"Ẹ tiẹ̀ gbọ́? Ìyá Olóòlù ń fẹ̀yìn tì. Ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án ló kù. Ọ̀dọ̀ àbúrò ẹ̀ ló ń kó lọ, ìlú tó jìnnà ni, ọkọ̀ ojú irin á fi odindi ọjọ́ kan dé ibẹ̀."

Kò-Kánjú gbé ife omi rẹ̀, ó rí i pé omi ti tán nínú ẹ̀, ó gbé e kalẹ̀. "Ṣé ara ẹ̀ le?"

"Ara ẹ̀ le. Ó ṣáà ti dákẹ́ ju bó ṣe máa ń rí lọ."

"Ọjọ́ tó máa rìn kẹ́yìn, mo fẹ́ rìn dé ilé bíríkì."

Fọ́maánù rẹ́rìn-ín, ó rí ojú rẹ̀, ó dáwọ́ ẹ̀rín dúró. "Orúnkún wo lẹ fẹ́ fi rìn ín? Kí ló dé tẹ́ ẹ ò kúkú wọ ọkọ̀ lọ bá a ní ìdíkọ̀ tiwọn?"

Ó ti ro ìyẹn náà. Ṣùgbọ́n kí ló fẹ́ lọ sọ láàrin àwọn tó ń ra tíkẹ́ẹ̀tì àti àwọn tó ń fa báàgì? Ibi kan ṣoṣo lẹ́nu àwọn méjèèjì ti mọ bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀. Tó bá wọ ọkọ̀ lọ, àlejò ló máa jẹ́. Tó bá fẹsẹ̀ rìn dé, òun náà ni.

"Ẹ bá mi gba àṣẹ lọ́dọ̀ wọn," ló wí. "Ẹ̀wù mi ṣì wà."

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó kó aṣọ kúrò lórí Arìn-má-dé.

Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ìṣẹ́jú márùn-ún láàárọ̀, márùn-ún nírọ̀lẹ́. Ọ̀sẹ̀ kejì, mẹ́wàá. Ó ń bọ́ bàtà kó tó gùn ún, ó ń mi ọmọ ìka ẹsẹ̀ kí ẹ̀jẹ̀ lè rìn. Ó ń yí i síwájú, ó ń yí i sẹ́yìn. Ní ọ̀sẹ̀ karùn-ún ó ti lo ọgbọ̀n ìṣẹ́jú láìdúró, orúnkún ò sì sọ̀rọ̀. Ọmọ rẹ̀ wọlé bá a, ó ń rìn, ó di ojú, òógùn ń ṣàn ní àgbọ̀n rẹ̀, ẹnu rẹ̀ ń mì wúyẹ́wúyẹ́. Obìnrin náà rọra gbé àpò rẹ̀ kalẹ̀, kò pè é. Kò mọ̀ pé bàbá òun ti wà ní kìlómítà kẹfà, pé ó ti ń sún mọ́ kọ́nà tó kẹ́yìn. Ojú irin náà pé lójú rẹ̀ látòkè délẹ̀: igi tí àrá sán, ibi tí omi máa ń dá, afárá kékeré, àti lẹ́yìn náà àwọ̀ ọsàn tíńtín lókèèrè. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé nígbàkígbà tí àwọ̀ ọsàn náà bá ti ń tóbi bọ̀, tó kù díẹ̀ kí ó rí ojú rẹ̀, á la ojú, á bá ògiri pálọ̀.

"Ẹ wo iye tó kọ síbí," ló ń sọ fún dókítà eegun ní ọ̀sẹ̀ keje, ó ń tọ́ka sí ojú ẹ̀rọ. "Kìlómítà mẹ́wàá lónìí!"

"Ẹnu ẹ̀rọ lásán nìyẹn, Bàbá, ẹ má gbà á gbọ́ tán. Iye ọ̀rá tó ní ẹ ń sun náà, àbùmọ́ wà ńbẹ̀." Ó kúnlẹ̀, ó di ọrùn ẹsẹ̀ bàbá mú, ó mì ín sọ́tùn-ún sósì. "Ọkàn yín ti dára, èmi gan-an ò retí ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ yìí di ẹsẹ̀ yín mú bí ọmọ ọwọ́ ni. Ilẹ̀ tó rí gbágungbàgun, òkúta tó ń yẹ̀, ọrùn ẹsẹ̀ yìí ò rí wọn láti ọdún méjì. Eegun náà, ìgbà tó bá ń gba gbì díẹ̀díẹ̀ ló ń le. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa sọ̀ kalẹ̀. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá nínú iyanrìn, kó tó kan òkúta. Ẹ jẹ́ ká fi oṣù mẹ́ta ṣe é."

Oṣù mẹ́ta! Ọ̀sẹ̀ méjì ló kù. Kò-Kánjú ní òun ti gbọ́. Ọjọ́ méjì ló jáde rìn nínú iyanrìn ẹ̀yìnkùlé, òjò dé, ó padà sórí Arìn-má-dé, nítorí pé orí ẹ̀ ló ti ń rí ojú irin.

Ọjọ́ Ẹtì tó kẹ́yìn oṣù, tó jẹ́ ọjọ́ tí Ìyá Olóòlù máa rìn kẹ́yìn, ó sọ fún ọmọ rẹ̀ pé òun fẹ́ lọ kí àwọn ará ibi iṣẹ́. Irọ́ kọ́, kì í sì í ṣe òótọ́ tán. Ó wọ ẹ̀wù aláwọ̀ ọsàn, ó fún un níkùn díẹ̀. Fọ́maánù fi ìwé àṣẹ àti rédíò kékeré lé e lọ́wọ́ ní ìdíkọ̀: "Tó bá ti sú yín, ẹ pè. Tọ́rọ́lì á wá." Ó ki ọ̀pá ìtìlẹ̀ bọ abíyá, ó gbé ẹsẹ̀ lé pákó ìdábùú àkọ́kọ́.

Ẹ̀yin èèyàn, inú rẹ̀ dùn. Òórùn epo àti irin tí oòrùn ń pa wọ imú rẹ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún. Ẹsẹ̀ rẹ̀ rántí ìgbésẹ̀ kúkúrú náà lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Kìlómítà kìíní, ìkejì, ìkẹta, kò mí hẹlẹ. Igi tí àrá sán ti wó, ó kí i bí ẹni kí òkú. Ọkọ̀ akẹ́rù kan kọjá, ó yà sẹ́gbẹ̀ẹ́, atẹ́gùn rẹ̀ gbá ẹ̀wù rẹ̀ mọ́ ọn lára.

Ní kìlómítà karùn-ún ni gìgísẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ta á. Òkúta tó ń yẹ̀ lábẹ́ bàtà, tí kì í dà á láàmú nígbà kan, wá ń fa ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ sápá ọ̀tún, ó ń fà á sápá òsì. Kì í ṣe orúnkún o. Orúnkún dákẹ́ jẹ́ẹ́. Ibi tí kò rò sí ló ti bà á. Ó dín ìrìn kù. Ó kúrò lórí òkúta, ó dúró lórí pákó nìkan, àwọn pákó mìíràn sì ti jẹrà. Nígbà tí afárá kékeré yọ ní kìlómítà keje, pákó kan fọ́ lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ òsì, ọrùn ẹsẹ̀ náà yí lábẹ́ rẹ̀, ó dún pà. Ó ṣubú sórí ọwọ́ méjèèjì.

Ó wọ́ ara rẹ̀ dé etí afárá, ó jókòó sórí kọnkéré tó wà ńbẹ̀, tó jìnnà sí irin. Ọrùn ẹsẹ̀ ti ń wú. Ó wo aago. Obìnrin náà ti máa wà nílé bíríkì báyìí. Ó ti bu tíì fún ara rẹ̀. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí i, á dìde, á kọ ẹ̀yìn sí apá ibí, ó parí. Kìlómítà méjì péré. Ohun tó dun Kò-Kánjú jù ni pé èémí rẹ̀ ń lọ wẹ́rẹ́, àyà rẹ̀ ò já, ọkàn rẹ̀ ń lù bíi ti ọ̀dọ́kùnrin. Tó bá jẹ́ pé ọkàn nìkan ló ń rìn ni, ì bá ti dé tipẹ́.

Ó mú rédíò jáde. Ó dì í mú, kò tẹ̀ ẹ́. Ó ń wo iwájú bí ẹni tí kò fẹ́ gbà.

Bó ṣe rí i nìyẹn, àwọ̀ ọsàn tíńtín.

Ó kọ́kọ́ rò pé orí Arìn-má-dé lòun wà. Ó pa ojú dé, ó là á. Àwọ̀ náà ń bọ̀. Ó di akoto, ó di òòlù léjìká, ó di ohùn:

"Ta ló jókòó síbẹ̀ yẹn? Ẹ kúrò lójú irin! Ẹ ò rí àkọlé ni?"

Ó fi ọ̀pá gbé ara rẹ̀ dìde. Obìnrin náà dúró. Ó dúró pẹ́. Ó wá gbé òòlù sọ̀ kalẹ̀ léjìká rẹ̀, ó fi tilẹ̀.

"Kò-Kánjú."

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Ìyá Olóòlù."

"Ẹsẹ̀ wo lẹ fi dé ibí?"

"Ẹsẹ̀ mi náà ni. Ẹ̀yin ńkọ́, kí lẹ̀ ń wá ní ìpín tèmi?"

Obìnrin náà wo afárá, ó wo omi tó ń ṣàn lábẹ́ ẹ̀. "Láti ìgbà tẹ́ ẹ ti lọ, gbogbo ọjọ́ Ẹtì ni mò ń kọjá ilé bíríkì, tí mò ń rìn dé ibí. Mo sọ fún wọn pé afárá yìí ò dá mi lójú, pé mo fẹ́ máa yẹ̀ ẹ́ wò." Ó fi àtẹ́lẹsẹ̀ ta kọnkéré náà. "Kò sóhun tó ṣe afárá."

"Fún ọdún méjì?"

"Ọdún méjì àti oṣù méjì. Ibi tágbára mi mọ nìyí. Tí mo bá kọjá ibí, ilẹ̀ á ṣú mọ́ mi lọ́nà."

Kò-Kánjú ń ro gbogbo ọjọ́ Ẹtì tó fi jókòó nídìí fèrèsé, tó ń ka ẹyẹ, tí ẹnì kan sì ń rìn bọ̀ wá bá a dé ibi tágbára rẹ̀ mọ.

Obìnrin náà mú un jókòó. Ó bọ́ bàtà rẹ̀, ó tú ìborùn tirẹ̀, ó fi di ọrùn ẹsẹ̀ náà gbọn-in. Ó bu tíì. Ṣúgà inú ẹ̀ ṣì pọ̀. Kò-Kánjú ròyìn Arìn-má-dé fún un, bó ṣe ń rìn lójú kan, bó ṣe ń purọ́ kìlómítà.

"Ẹ ń da òógùn sílẹ̀, ẹ ò kúrò nínú pálọ̀!" Ó rẹ́rìn-ín títí omijé fi dà lójú ẹ̀. "Ṣé ó tiẹ̀ dára fún èèyàn?"

"Ó dára. Òun ló fún mi ní èémí tí mo fi dé ibí. Kò ṣáà kọ́ mi nílẹ̀ títẹ̀."

Kò-Kánjú gbé ife kalẹ̀. "Ọ̀rọ̀ kan wà tó pẹ́ tó ti wà lẹ́nu mi…"

"Mo mọ̀ ọ́n."

"Ẹ mọ̀ ọ́n?"

"Ọdún mélòó ni mo fi ń já búrẹ́dì tó tóbi fún ẹ? Kí lo rò pé mò ń sọ?" Ó ti fi "ẹ̀yin" sílẹ̀, "ìwọ" ló ń pè é, ọ̀rọ̀ náà sì wọ Kò-Kánjú lára bí oòrùn àárọ̀. "Kí ló dé tí o ò sọ ọ́?"

"Àkókò ò tó."

"Ogún ìṣẹ́jú lójúmọ́, fún ọdún mọ́kànlá, àkókò ò tó! Ìwọ ọkùnrin yìí." Kò rẹ́rìn-ín mọ́. "Àbúrò mi ti ní àrùn rọpárọsẹ̀. Apá kan ò ṣiṣẹ́. Kò bímọ, kò sẹ́nì kan. Mo ti ṣèlérí fún un pé mò ń bọ̀, ọjọ́ Ajé ni mo máa lọ. Ká ní èṣí lo wá ni…"

Kò parí ẹ̀. Kò-Kánjú náà ò bá a parí ẹ̀.

"Fún mi ní nọ́ńbà rẹ," ló wí nígbà tó yá. Òun náà ti pè é ní ìwọ.

Kò sí bírò lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Obìnrin náà mú ṣọ́ọ̀kì tí wọ́n fi ń sàmì sí pákó tó ti bàjẹ́, ó kọ nọ́ńbà náà gàdàgbà-gàdàgbà sí iwájú ẹ̀wù aláwọ̀ ọsàn ọkùnrin náà. Ó fi ọwọ́ tẹ́ aṣọ náà mọ́ ọn láyà kó lè rí i kọ, ó sì pẹ́ kó tó gbé ọwọ́ kúrò.

Kò-Kánjú tẹ rédíò, ó pè, tọ́rọ́lì dé. Awakọ̀ rẹ̀ ní kí Ìyá Olóòlù náà gùn ún, káwọn fi í yípo lọ sí ìdíkọ̀ tiwọn. Ó kọ̀ jálẹ̀. Ó ní wọn kì í fi tọ́rọ́lì parí iṣẹ́ tí wọ́n fẹsẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Wọ́n gbé Kò-Kánjú sórí rẹ̀, ó kọ ojú sẹ́yìn. Bí wọ́n ṣe ń lọ, ó ń wò ó: òòlù ti padà séjìká, ó ń kọjá lórí afárá, ó ń kan bóòtù lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìró náà ń bá wọn lọ díẹ̀. Lẹ́yìn náà ẹ́ńjìnnì tọ́rọ́lì bò ó.

Dókítà eegun bínú gidi. "Mo sọ fún yín! Ṣé mi ò sọ fún yín?" Ó di ẹsẹ̀ náà, ó ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Nígbà tí wọ́n tú u, ó kọ ètò tuntun, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri: ogún ìṣẹ́jú lórí ẹ̀rọ fún ọkàn, lẹ́yìn náà ilẹ̀. Ilẹ̀ pálọ̀ láìwọ bàtà, lẹ́yìn ìyẹn iyanrìn, lẹ́yìn ìyẹn òkúta wẹ́wẹ́ tí ọmọ rẹ̀ ní kí wọ́n dà sí ẹ̀yìnkùlé. Kò-Kánjú ò fo ìkankan.

Ọmọ rẹ̀ fẹ́ fọ ẹ̀wù aláwọ̀ ọsàn náà, ó gbà á lọ́wọ́ ẹ̀.

"Bàbá mi, nọ́ńbà ta ni?"

Ó jókòó, ó sọ ọ́ fún un látìbẹ̀rẹ̀. Ó sọ ti tíì, ti búrẹ́dì, ti ọjọ́ Ẹtì. Nígbà tí bàbá rẹ̀ sọ tán, ọmọ náà dìde, ó mú fóònù rẹ̀, ó tẹ nọ́ńbà náà sínú ẹ̀, ó ní, "Orúkọ wo ni kí n fi pa mọ́?" Bàbá ronú títí. Ó ní kó fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́ Àìkú ni wọ́n ń pe ara wọn. Àjà kẹta lobìnrin náà àti àbúrò rẹ̀ ń gbé, kò sí ẹ̀rọ tó ń gbéni lọ sókè, àtẹ̀gùn mẹ́rìnlélọ́gọ́ta ni. Ó ní ojú irin ò jìnnà sí ibẹ̀, pé òun ń gbọ́ ọkọ̀ tó ń kọjá, pé òun a máa ṣèèṣì tẹ́tí bóyá bóòtù kan ti tú.

"Ìgbà wo lò ń bọ̀?" ni Ìyá Olóòlù bi í lọ́jọ́ kan.

"Dókítà ní oṣù méjì sí i, kí n tó lè gun irú àtẹ̀gùn bẹ́ẹ̀."

"Oṣù méjì."

"Mo lè sọ fún un pé kó jẹ́ kó di oṣù kan."

"Rárá. Ṣe é bó ṣe ní kó o ṣe é. Mi ò fẹ́ kí ẹsẹ̀ náà tún yí." Kò-Kánjú gbọ́ ohùn àbúrò náà látinú yàrá, ó ń pè, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ò já geere. "Mò ń bọ̀, àbúrò mi," ni Ìyá Olóòlù dáhùn, kì í ṣe fóònù ló ń bá wí. Ó wá sọ fún fóònù pé, "Ó ń pè mí. Jẹ́ kí n lọ gbé e dìde."

"Ó dáa. Bá mi kí i."

Fóònù kú. Kò-Kánjú ò gbé e kúrò létí fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó bọ́ bàtà, ó jáde lọ sí ẹ̀yìnkùlé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti ṣe ti ọjọ́ yẹn láàárọ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í rìn lórí òkúta, lọ sí ìdí ògiri, padà, lọ sí ìdí ògiri.